Ìròyìn kò tó àfojúbà, àbí? Ta lẹ ṣì ń gbà gbọ́ báyìí?

Ojúlarí:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ mẹ́ta, mo ní kí n gbé e wá kí n má baà máa dá a rò.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi fídíò kan sórí WhatsApp ẹbí wa. Ọkọ̀ òfurufú ogun ló wà níbẹ̀, lóru, tí ìbọn ńlá kan ń yìn ún láti ilẹ̀. Iná pupa ń tẹ̀ léra wọn lọ sókè bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sí okùn, títí ọkọ̀ náà fi gbiná. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ sábẹ̀ rẹ̀ pé: "Ó ti bẹ̀rẹ̀ o! Ogun Àgbáyé Kẹta!" Kí n tó jí, ẹni mọ́kànlá ti fèsì. Àwọn kan ń gbàdúrà, àwọn kan ti ń bú ààrẹ orílẹ̀-èdè tí wọn ò dé rí.

Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà kẹta ni mo tó rí i pé kò sí ẹ̀dá alààyè kan nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sá, kò sẹ́ni tó pariwo, ajá kan ò gbó. Èéfín tó ń jáde lára ọkọ̀ náà rí bákan náà ní gbogbo ìgbà tó jáde, bí ìgbà téèyàn bá ń tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé. Mo gé àwòrán kan jáde nínú fídíò náà, mo fi wá a lórí Google, ó gbé mi dé ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e sí. Géèmù kọ̀ǹpútà ni, Arma 3 lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó ṣe é kọ ọ́ sábẹ̀ rẹ̀ gbàgàdà pé géèmù ni.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n. Ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn ni pé, "Ṣé ìwọ wà níbẹ̀ ni?"

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ó dáa. Bí àfojúbà bá wá di ohun tí ọmọ kan lè jókòó sí yàrá ṣe, kí la ó wá dì mú? Ìròyìn ta lẹ̀yin ń gbà gbọ́, kí sì nìdí?

Kòńkólóyo:

Èmi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó tán.

Adùmáradán:

Ẹnikẹ́ni kẹ̀, Kòńkólóyo? Bí wọ́n bá ní òjò ń bọ̀ lọ́la, o kì í mú agbòjò ni?

Kòńkólóyo:

Òjò kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ má baà rò pé agídí lásán ni. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2003, Colin Powell, tó jẹ́ akọ̀wé ọ̀rọ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà nígbà náà, jókòó níwájú Ìgbìmọ̀ Aláàbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ó gbé ìgò kékeré kan sókè, ó ń ṣàlàyé ohun ìjà olóró tí wọ́n ní Íráàkì kó pa mọ́. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tú gbogbo ilẹ̀ náà wò, wọn ò rí ohun tí wọ́n torí ẹ̀ jagun. Kí ogun náà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn tó lórúkọ jù lọ láyé ti ń gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sójú ìwé àkọ́kọ́. Oṣù Karùn-ún ọdún 2004 ni New York Times ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ ọ́ fáwọn òǹkàwé rẹ̀ pé àwọn ò ṣọ́ra tó. Ìgbà yẹn, òkú ti sùn.

Ẹ wo ti ọdún 1990 náà. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 kan jáde níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà pẹ̀lú omi lójú. Ó ní ojú òun ló ṣe nílé ìwòsàn kan ní Kùwéètì, tí àwọn ọmọ ogun Íráàkì ń kó àwọn ọmọ ìkókó jáde nínú ẹ̀rọ tó ń mú wọn móoru, tí wọ́n sì ń fi wọ́n sílẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù títí wọ́n fi kú. Gbogbo ayé bá a sunkún. Ẹ̀yìn ogun la tó mọ̀ pé ọmọ aṣojú Kùwéètì ní Amẹ́ríkà ni, àti pé ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń sanwó fún láti polongo ló bá wọn ṣètò rẹ̀.

Kò sí AI, ẹ̀rọ tó ń dá àwòrán, ohùn àti ọ̀rọ̀ ṣe, nígbà yẹn. Ẹnu ènìyàn lásán ni. Ẹ wá ní kí n máa bẹ̀rù géèmù?

Ẹlẹ́rìn-ín:

Mo kàn ń kọjá lọ ni o. Èmi gba àwòrán Póòpù nínú kóòtù funfun ńlá tí AI ṣe yẹn gbọ́, lọ́dún 2023. Mo tiẹ̀ ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta irú rẹ̀.

Alákọsílẹ̀:

Kòńkólóyo, gbogbo ohun tó o kọ yẹn ló rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo ní fún ọ: báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?

Ta ló tú àṣírí ọmọbìnrin yẹn? Akọ̀ròyìn ni. John MacArthur, tó ni ìwé ìròyìn Harper's níkàáwọ́, ló kọ ọ́ jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1992, nínú New York Times tó ò ń bú yìí kan náà. Nígbà tí àwọn ńlá ń gbé ọ̀rọ̀ Íráàkì gẹ̀gẹ̀, àwọn akọ̀ròyìn méjì kan wà ní ilé-iṣẹ́ ìròyìn Knight Ridder, Jonathan Landay àti Warren Strobel, tí wọ́n ń kọ ọ́ léraléra pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ fúnra wọn ò fọkàn tán ẹ̀rí náà. Àwọn tó kọbi ara sí wọn ò tó nǹkan. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ọjà wà níbẹ̀ o, àwa la ò yà sí ìsọ̀ náà.

Mo ti lo ọdún mẹ́sàn-án nídìí iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti alẹ́ ọjọ́ kan fún yín. Aago mọ́kànlá ku díẹ̀, àwa mẹ́ta péré la ṣẹ́ kù lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ wọlé pé olórí orílẹ̀-èdè kan ti kú. Ẹni tó fi ránṣẹ́ kì í ṣe ẹni tí a ò mọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fún wa ní ìròyìn tó já sí òótọ́. Mo ti kọ ọ́ tán, mo ti fi àkọlé lé e, ọwọ́ mi ti wà níbi tí mo máa tẹ̀. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bi mí pé, "Ẹnìkejì dà?" Mo ní kò tíì sí. Ó ní, "Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò pé tí àwọn tá a jọ ń du òǹkàwé fi gbé e jáde. Gbogbo ayé ti ń pín in. Fóònù mi ò dákẹ́, àwọn ènìyàn ń bi mí pé ṣé oorun la ń sùn ni. Mo wo ọ̀gá, ọ̀gá ń pe nọ́ńbà kan tí wọn ò gbé. Ó gbé e sílẹ̀, ó tún pè é. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó di òwúrọ̀, ọkùnrin tí wọ́n ti pa tán lórí ayélujára jáde sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń bá àwọn àlejò bọwọ́. Àwọn tó gbé e jáde yọ ọ́ kúrò wẹ́rẹ́, bí ẹni pé wọn ò kọ ọ́ rí. Ìlà kan ṣoṣo láti fi sọ pé àwọn ṣìṣe, wọn ò kọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti bi ilé-iṣẹ́ ìròyìn kankan pé ṣé o ti ṣìṣe rí. Gbogbo wọn ló ti ṣe é. Ohun tí mò ń wá ni ibi tí wọ́n kọ àṣìṣe náà sí. Lọ́dún 1981, ìwé ìròyìn Washington Post dá ẹ̀bùn iṣẹ́ ìròyìn Pulitzer padà nígbà tó hàn pé akọ̀ròyìn wọn, Janet Cooke, ló fọwọ́ ara rẹ̀ dá ọmọ tó kọ ìtàn rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ìwé ìròyìn Der Spiegel ti Jámánì fúnra rẹ̀ ló kéde pé Claas Relotius, ìlúmọ̀ọ́ká tó ti gba ẹ̀bùn lọ́tùn-ún lósì, ń hun irọ́ mọ́ ìtàn rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Juan Moreno, ló tọpa rẹ̀, àwọn ọ̀gá ò sì kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ó burú, ó tini lójú. Ṣùgbọ́n ilé tó ń gbálẹ̀ níṣojú ayé, èmi lè tún padà síbẹ̀.

Kòńkólóyo:

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé BBC o. Wọ́n gé ọ̀rọ̀ tí Trump sọ ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 2021, wọ́n so apá méjì tó jìnnà síra mọ́ra wọn bí ẹni pé ó sọ wọ́n léra wọn. Oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni ọ̀gá àgbà wọn, Tim Davie, tó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Bí ìwé inú ilé wọn ò bá jò síta, ṣé wọn ì bá sọ ọ́?

Alákọsílẹ̀:

Ìyẹn gún mi lára, mi ò ní purọ́ fún ọ. Èmi fúnra mi ti gé ọ̀rọ̀ ènìyàn mọ́ra wọn rí kó lè bá àyè mu. Ibi tí gígé ti ń di irọ́ kò jìnnà, ìṣísẹ̀ kan ni.

Arìnnàkò:

Ẹ̀yin méjèèjì ń jà lórí ẹ̀ka igi, ẹ bọ̀ sídìí rẹ̀. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Kí n tó ka ìròyìn, mo máa ń bèèrè ẹni tó ń san owó oṣù akọ̀ròyìn náà.

Ìjọba Rọ́ṣíà ló dá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n RT sílẹ̀ lọ́dún 2005, òun náà ló ń bọ́ ọ. Qatar ló ń náwó lé Al Jazeera láti ọdún 1996. Láti ọdún 1942 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ní Voice of America, lọ́dún 2025 ni ìjọba Trump kan náà sì wá fẹ́ tú u ká. Kì í ṣe pé gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ni irọ́. Al Jazeera mọ ọ̀nà inú Gáàsà ju ọ̀pọ̀ lọ, mò ń kà wọ́n lórí rẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdílé ọba Qatar ni mo fẹ́ gbọ́, ibòmíràn ni mò ń lọ.

Ti aládàáni náà ò yàtọ̀. Bílíọ̀nù 44 dọ́là ni Musk san gba Twitter ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Ṣé ẹ rò pé nítorí kí ẹ̀yin lè máa rí ìròyìn kà ni?

Nígbà tí Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbẹ́sẹ̀ lé RT ní oṣù Kẹta ọdún 2022, inú ọ̀pọ̀ dùn. Tèmi ò dùn tó bẹ́ẹ̀. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Mo fẹ́ gbọ́ irọ́ tí ẹni náà ń pa, kí n lè mọ ohun tó ń fẹ́ kí n gbà.

ỌmọKọ̀ǹpútà:

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni tèmi, ẹ jẹ́ kí n dá sí i níbẹ̀.

Fídíò ayédèrú àkọ́kọ́ tó kó wàhálà bá mi ni ti Zelensky, ààrẹ Ukraine, oṣù Kẹta ọdún 2022. Wọ́n jí wọ ojú òpó ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Ukraine, wọ́n gbé e síbẹ̀ tó ń sọ fáwọn ọmọ ogun rẹ̀ pé kí wọ́n kó ohun ìjà sílẹ̀. Bí ẹ bá tún un wò lónìí, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Orí tóbi ju ara lọ, ọrùn ò mì, ohùn kì í ṣe tirẹ̀. Nǹkan méjì ló pa irọ́ náà: kò dára tó, ìjọba Ukraine sì ti kìlọ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú pé irú rẹ̀ ń bọ̀. Zelensky náà ò dúró, ọjọ́ náà gan-an ló jáde sọ tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àwòrán èéfín dúdú kan jáde, wọ́n ní nǹkan bú gbàù nítòsí Pentagon, olú ilé-iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. AI ló ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn tó fọ́n ọn ká jẹ́ ojú ìwé kan lórí Twitter tó fi ara rẹ̀ pe ilé-iṣẹ́ ìròyìn Bloomberg, ó sì ní àmì búlúù lára. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ọjà ìpín owó Amẹ́ríkà ti rẹlẹ̀ díẹ̀ kó tó padà sípò. Ẹ rántí pé àmì búlúù yẹn tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń yẹ̀ ọ́ wò kí wọ́n tó fún ọ ni. Ìgbà tó wá di pé ẹni tó bá sanwó ló ń rí i gbà, àwọn tó mọ ìtumọ̀ àtijọ́ ṣì ń fi ojú àtijọ́ wò ó. Àwọn panápaná àdúgbò náà ló wá kéde pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn tó ń kọ́ yín pé kẹ́ ẹ máa ka ìka ọwọ́ nínú àwòrán, ìyẹn ti di ìtàn. Ẹ̀rọ ti mọ ìka kà báyìí. Ohun táwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń gbìyànjú ni C2PA, ètò tó ń fi orísun àwòrán hàn, tí Adobe, Microsoft, BBC àtàwọn mìíràn dá sílẹ̀ lọ́dún 2021. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ á tẹ òǹtẹ̀ sí àwòrán látìgbà tó bá ti yà á: ọjọ́ wo, ẹ̀rọ wo, kí ni wọ́n yí padà lẹ́yìn náà. Leica ti gbé kámẹ́rà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ jáde láti ọdún 2023. Ó dára, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ ya screenshot rẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Òǹtẹ̀ ti bọ́. Ibi tí irọ́ ń gbé gan-an ni òǹtẹ̀ ò dé.

Aríkẹ́:

Ohùn ló ń bà mí lẹ́rù ju àwòrán lọ. Kò sí ojú tá a máa wò, kò sí ìka tá a máa kà. Ní Slovakia lọ́dún 2023, ọjọ́ méjì ló kù kí wọ́n dìbò tí ohùn ayédèrú kan jáde, wọ́n ní olórí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ló ń bá akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe máa ṣe mágòmágó ìbò. Àkókò náà ni òfin sì ní kí gbogbo ẹnu dákẹ́ ìpolongo. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí ó dáhùn? Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n tún fi ohùn Biden pe àwọn olùdìbò ní New Hampshire pé kí wọ́n jókòó sílé. Wọ́n mọ ẹni tó ṣètò rẹ̀, wọ́n bu ìtanràn mílíọ̀nù 6 dọ́là lé e lórí. Ìtanràn kì í pe ìpè padà.

Adùmáradán:

Ẹ̀yin ń fi ara yín ṣe wàhálà. Èmi ti yé ka ìwé ìròyìn. AI ni mò ń bi. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ láyé?" Ó máa tò ó fún mi ní ìlà márùn-ún, kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

ỌmọKọ̀ǹpútà:

Yéè! Adùmáradán, jọ̀ọ́.

Ṣé o rántí Apple, ìparí ọdún 2024? AI orí fóònù wọn ń ké àkọlé ìròyìn kúrú, ó wá fi orúkọ BBC kéde pé Luigi Mangione, tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn ní Amẹ́ríkà, ti yìnbọn pa ara rẹ̀. Ọkùnrin náà wà láàyè nínú àtìmọ́lé. BBC fárí gá, Apple sì dá ètò náà dúró ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n 22 láti orílẹ̀-èdè 18 jọ dán àwọn AI ńlá wò lórí ọ̀rọ̀ ìròyìn. Nínú ọgọ́rùn-ún èsì, 45 ló ní ó kéré tán àléébù ńlá kan. Èyí tó pọ̀ jù ni pé wọn ò mọ ibi tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ náà, tàbí wọ́n fi í lé ẹni tí kò sọ ọ́ lọ́wọ́.

Ohun tó ò ń pè ní "kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni" yẹn, ohùn tútù lásán ni. Ohùn ẹ̀rọ náà kì í yí padà bó bá ń ṣìṣe. Ènìyàn tó bá ń purọ́, ẹnu rẹ̀ lè wárìrì.

Adùmáradán:

Hmm. Ó dáa, mo fẹ́ bi í nípa nǹkan tí mo mọ̀ dáadáa, kí n wò ó.

...

Mo ti dé. Mo bi í nípa iṣẹ́ mi, ohun tí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́rìnlá. Nǹkan mẹ́rin ló sọ, mẹ́ta dúró ṣánṣán, ìkẹrin ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí kì í bá ṣe iṣẹ́ mi ni, mi ò ní mọ èwo ni ìkẹrin. Ẹ ṣeun, ẹ ti ba òwúrọ̀ mi jẹ́.

Ojúlarí:

Ẹ ṣé gan-an o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn ẹ̀gbọ́n mi, torí mi ò tíì dé ibi tó dùn mí.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ géèmù yẹn, ó jọ pé ọ̀rọ̀ mi wọ ẹ̀gbọ́n létí. Wọn ò sọ fún mi, àmọ́ wọn ò gbé nǹkan kan jáde fún bí ọjọ́ méjì. Àbúrò wa wá fi fídíò kan ránṣẹ́, ti ìjọ ènìyàn tó jáde wá gbọ́ ọ̀rọ̀ olóṣèlú kan lókè òkun. Ilé-iṣẹ́ ìròyìn bí i mẹ́fà ló wà níbẹ̀, oníkálukú ló ya tirẹ̀, mo ti rí i láti igun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kíá ni ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ pé: "AI ni. Ẹ má gbà á gbọ́. Ojúlarí ló kọ́ mi." Wọ́n tún fi ẹ̀rín sí i.

Ẹ̀yin ará, mo jókòó. Èmi ni mo kọ́ wọn ní iyèméjì, wọ́n wá lò ó fún èyí tó jẹ́ òótọ́, torí pé wọn ò fẹ́ràn olóṣèlú náà.

Alákọsílẹ̀:

Ojúlarí, o ti dé ibẹ̀. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí nìyẹn látọjọ́ yìí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, Trump kọ ọ́ jáde pé àwọn èrò tó wá pàdé Kamala Harris, tí wọ́n jọ ń du ipò ààrẹ, ní pápákọ̀ òfurufú ní Detroit, AI ló ṣe wọ́n, pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ayàwòrán pọ̀ níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá ká ènìyàn ńlá mọ́ inú fídíò, ó máa bẹ̀bẹ̀ ni, tàbí kó ní wọn ò gbọ́ òun yé. Lónìí, ọ̀rọ̀ kan ti tó: "AI ni." Ẹni tó ń ṣe ayédèrú kò tiẹ̀ nílò kó ṣe é mọ́. Kí AI ṣáà ti wà láyé, ó ti tó fún olè láti fi sá.

Ìdí nìyẹn tí "èmi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́" ò fi tẹ́ mi lọ́rùn, Kòńkólóyo. Ẹni tí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ kì í wà láìgba nǹkan kan gbọ́. Èyí tó bá dùn mọ́ ọn ló máa gbà.

Kòńkólóyo:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ lù mí pa díẹ̀díẹ̀ o. Mo gbà pé mo ń ka nǹkan kan, torí láti inú ìwé ìròyìn ni gbogbo ẹ̀sùn tí mo fi kan ìwé ìròyìn ti jáde. Ṣùgbọ́n mi ò ní kúnlẹ̀ fún wọn. Ẹ jẹ́ ká fi mọ síbẹ̀.

Arìnnàkò:

Kí ẹ tó fi gbogbo ẹ̀bi lé ẹ̀rọ àtàwọn oníròyìn lórí: lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú Science, ìwé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Wọ́n yẹ nǹkan bí 126,000 ọ̀rọ̀ tó tàn kálẹ̀ lórí Twitter láàárín ọdún 2006 sí 2017 wò. Wọ́n rí i pé fífọ́n irọ́ ká fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti òótọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n yọ àwọn róbọ́ọ̀tì kúrò nínú ìṣirò, kò yí padà. Àwa ni. Irọ́ máa ń jẹ́ tuntun, ó ń yani lẹ́nu, ó ń múnú bíni. Òótọ́ sábà máa ń jọ ohun tá a ti gbọ́ lánàá.

WhatsApp náà mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 2019 ni wọ́n ti ní èèyàn ò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ju ibi márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan, ọdún 2020 ni wọ́n sì ní èyí tó bá ti rìn jìnnà jù, ibi kan ṣoṣo ni. Ẹ wo òkè fídíò ẹ̀gbọ́n yẹn bóyá àmì ọfà méjì wà níbẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, ó ti ti ọwọ́ dé ọwọ́ kó tó kàn wọ́n, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ yà á.

Ojúlarí:

Ọfà méjì wà níbẹ̀ o. Mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí tẹ́lẹ̀.

Aríkẹ́:

Ọ̀nà tèmi kò le. Mi ò kì í dúró lórí ojú ewé tí mo ti rí ọ̀rọ̀ náà. Màá jáde kúrò níbẹ̀, màá wo ohun táwọn ẹlòmíràn sọ nípa ẹni tó sọ ọ́. Màá tún wò ó bóyá ẹni mẹ́wàá tó sọ ọ́ kì í ṣe ẹnìkan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n Alákọsílẹ̀ á mọ èyí ju mi lọ.

Alákọsílẹ̀:

O ṣeun, Aríkẹ́. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ ìyẹn. Reuters, AP àti AFP ló ń ta ìròyìn fún ìdajì ayé, kí n má purọ́ pé mo ka iye rẹ̀. Akọ̀ròyìn kan ṣoṣo lè wà lójú ogun, kí ìwé ìròyìn igba gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde, tí oníkálukú á fi àkọlé tirẹ̀ sí i. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí ìròyìn náà, orúkọ wọn máa ń wà níbẹ̀. Nǹkan mìíràn tẹ́ ò mọ̀: ẹni tó kọ ìròyìn kọ́ ló sábà máa ń kọ àkọlé. Wọ́n ti bú mi rí nítorí àkọlé tí mi ò rí kó tó jáde.

Ẹlẹ́rìn-ín:

Ṣé ẹ ń sọ pé kí a máa ka ìròyìn kọjá àkọlé? Ẹ ò ṣàánú wa.

Ojúlarí:

Mo ní kí n wá jábọ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù, a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó bá ti rú yín lójú, ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí èmi nìkan, kí n bá yín wò ó." Wọ́n ní ó dáa, wọ́n tiẹ̀ ṣàdúrà fún mi.

Aago méjì òru àná ni fóònù mi dún. Fídíò mìíràn ni, ọkọ̀ ojú omi ni lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ pé, "Àbúrò, wo èyí, ṣé òótọ́ ni?" Inú mi dùn débi pé mo dìde jókòó. Mo gé àwòrán mẹ́ta jáde nínú rẹ̀, mo wá a lórí Google, mo wá a lórí TinEye tí òun náà ń wá orísun àwòrán, n ò rí orísun rẹ̀. Mo wò ó bóyá ènìyàn wà níbẹ̀, ènìyàn wà níbẹ̀. Mo dá wọn lóhùn pé, "Mi ò tíì mọ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná."

Wọ́n ní, "Háà! Mo ti fi sórí ti ẹbí."